Ariwo Tó Bá Ẹlẹ́nu Délé

Ẹlẹ́nu ni àwọn tó bá ẹ̀gbọ́n ìyá mi ṣiṣẹ́ ń pè é. Kì í ṣe pé ó fẹ́ràn ìjà o. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń hun aṣọ ló ti lo ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀, nínú gbọ̀ngàn ńlá kan tí ẹ̀rọ tò sí láti ògiri dé ògiri, tí gbogbo wọn ń dún gbàgàgbàgà lẹ́ẹ̀kan náà. Bí o pariwo títí ohùn rẹ fi há, ẹni tó dúró tì ọ́ ò ní gbọ́. Ètè lásán ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀, láìsí ohùn. Ẹni tó wà lọ́hùn-ún á sì ka ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu wọn. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n ṣe tó ẹ̀gbọ́n ìyá mi.

Ibẹ̀ ló ti pàdé ọkọ rẹ̀, tó máa ń tún ẹ̀rọ ṣe.

“Ó ń bá ọ̀rẹ́ ẹ̀ sọ ọ́ lókèèrè pé ọmọ yẹn rẹwà, àmọ́ ojú ẹ̀ ti le jù,” ló máa ń sọ fún wa. “Kò mọ̀ pé mò ń kà á lẹ́nu òun. Mo dá a lóhùn láti ibi tí mo wà: ‘Ojú tìẹ náà ò rọ̀!’ Ni sípánà bá bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀.”

Nígbà tó yá, wọ́n ti ilé iṣẹ́ náà pa. Àwọn ọmọ lọ sílé ọkọ, bàbá wọn kú, ilé wá pa rọ́rọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí mo yà kí i, mo bá a níwájú fíríìjì, ó ti yọ wáyà rẹ̀ lára iná.

“Ṣé o gbọ́ ọ?”

“Kí ni, Mà?”

“Ohun tó ń súfèé yẹn, bí omi tó fẹ́ hó.”

Mo tẹ́tí títí, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Ó ti pe oníṣẹ́ iná kí n tó dé, ìyẹn tú gbogbo ògiri wò, ó ní, “Màmá, iná yín ò ṣẹ ẹnikẹ́ni.” Ọkàn ẹ̀gbọ́n ìyá mi wá rẹ̀wẹ̀sì. “Àbí orí mi ló fẹ́ dàrú?”

Mo mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà etí, ọ̀dọ́bìnrin kan tó ń sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Lẹ́yìn tó yẹ̀ ẹ́ wò tán, ó fà á lọ́wọ́ jókòó.

“Orí yín ò dàrú, Mà. Iṣan kan wà tó ń gbé ìró láti inú etí lọ bá ọpọlọ. Kódà bí ibi gbogbo dákẹ́, ó ṣì máa ń ránṣẹ́ díẹ̀díẹ̀. Bí ariwo ọjọ́ pípẹ́ bá ti pa á lára, iṣẹ́ tó ń jẹ́ á dín kù. Ó jọ pé ọpọlọ á wá máa na etí ju bó ṣe yẹ lọ, á sì máa gbọ́ ohun tí kò sí níta. A ò tíì mọ gbogbo ẹ̀ o. Wọ́n ṣì ń wádìí ẹ̀.”

“Ṣé àwọn ẹ̀rọ wa ìjọsí ló fà á?”

“Ó ṣeé ṣe, Mà.”

Mo rò pé inú máa bí i. Ẹ̀rín ló bú sí. “Wọ́n ti ilé iṣẹ́ pa, èmi wá gbé ẹ̀rọ tèmi wálé!”

Bá a ṣe ń lọ sílé, àtijọ́ ló ń sọ ṣáá: òórùn epo ẹ̀rọ, òwú tó ń bà lé wọn lórí bí ẹni hewú lọ́sàn-án gangan, àti bí ara gbogbo wọn ṣe máa ń fúyẹ́ lójijì bí ẹ̀rọ bá dákẹ́ fún oúnjẹ ọ̀sán, tí wọ́n á kàn máa rẹ́rìn-ín láìnídìí.

Dókítà ní kò sí oògùn tó lè lé e lọ pátápátá. Ó fún un ní ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń fi sétí kó lè gbọ́ràn dáadáa, ó sì ní kó má jẹ́ kí ilé dákẹ́ jù. Ó kọ́kọ́ yarí pé òun ò lè lo etí àyálò. Ìgbà tó gbà tó fi í sétí, ó gbọ́ tí ilẹ̀kùn ilé ìdáná ń han, ló bá bú mọ́ wa: “Ẹ gbọ́ ọ látọjọ́ yìí, ẹ ò wí!”

Ìsúfèé náà ò lọ, ṣùgbọ́n ó rọlẹ̀. Mo bi í léèrè nípa rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, níbi tó ti ń ṣa ẹ̀wà.

“Ó wà níbẹ̀. Bí mo bá jókòó jẹ́ẹ́, tí mò ń ro bàbá wọn, mo máa ń gbọ́ ọ. Mi ò kì í bá a jà mọ́.” Ó fẹ́ ìdọ̀tí kúrò lórí ẹ̀wà. “Yí rédíò yẹn sókè díẹ̀ fún mi.”