Orí Kẹta Ìwé Àlàájì

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tí mo fi jáde nílé mi ní Lásùnwọ̀n. Iṣẹ́ olùkọ́ ni mò ń ṣe, mo sì tún ń kọ ìtàn ìgbésí ayé àwọn òǹkọ̀wé. N kì í gbé ìwé lọ sí ilé ìtẹ̀wé láì kọ́kọ́ kà á fún ẹni tó ni ìtàn. Ojú Àlàájì, òǹkọ̀wé tí mò ń kọ ìtàn rẹ̀ lọ́wọ́, ti fọ́, nítorí náà mò ń gbé orí kẹta lọ kà fún un ní Ẹ̀pẹ́.

Ẹgbẹ̀rún méjì náírà ni owó ọkọ̀. Lẹ́yìn Ìmọ́tà, kòtò ò jẹ́ ká sinmi. Taya fọ́ ní Itóìkín, oòrùn sì na wá dáadáa. Dírẹ́bà ń bẹ̀ wá pé ká má bínú. Ẹ̀kọ gbígbóná àti àkàrà tí mo jẹ létí títì nìkan ló dùn lọ́jọ́ náà.

Nígbà tí mo dé ilé Àlàájì, bàtà kún ẹnu ọ̀nà. Ó ti kú lóru, wọ́n ti kírun sí i lára, wọ́n sì ti sin ín. Nílé tiwa, òkú lè pẹ́ ní mọ́ṣúárì títí àwọn ọmọ á fi ti òkè òkun dé. Níbí, wọn ò tiẹ̀ dúró de ìrun ọ̀sán. Ó dùn mí gan-an.

Àlájà, ìyàwó rẹ̀, ní kí n jókòó, kí n ka ohun tí mo gbé wá. Mo kà á dé ibi tí ọmọ wọn àkọ́kọ́ ti kú, tí Àlàájì sì fọwọ́ ara rẹ̀ sin ín. Kò síbi tó dára tó ibẹ̀ nínú ìwé mi. Àlájà ní kí n dúró.

"Kò sí nílé lọ́jọ́ náà, Tíṣà. Èkó ló wà, wọ́n ń kó ìwé rẹ̀ jáde. Èmi ni mo wẹ ọmọ náà. Àwọn apẹja àdúgbò ló bá mi sin ín."

Mo ní màá tún un kọ. Ó kọ̀.

"Ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ti sọ ọ́ títí òun fúnra rẹ̀ fi gbà á gbọ́. Àwọn ọmọ rẹ̀ ló máa kà á, òun náà ò sì sí mọ́."

Mo ṣèlérí fún un, mo wá béèrè orúkọ ọmọ náà. Rámọ́tù ni. Nínú gbogbo ìròyìn tí Àlàájì ṣe fún mi, kò dárúkọ yẹn rí.

Ìrìn àjò yìí kọ́ mi pé ẹni tó dákẹ́ nínú ilé ló yẹ kí n kọ́kọ́ jókòó tì. Nígbà tí mo délé, mo kọ Rámọ́tù sínú ìwé. N kò fọwọ́ kan ìyókù. Lọ́jọ́ Ajé, màá tún dúró níwájú kíláàsì, màá sì sọ fún àwọn ọmọ pé òótọ́ niṣẹ́ àwa òǹkọ̀wé.