Ọwọ́ Ẹ̀pà Suggs

Ọkùnrin tó ga tó férémù ilẹ̀kùn, tó sì fẹ̀ jù ú lọ, ni gbogbo ìlú Tallow Creek ní Amẹ́ríkà ń pè ní Ẹ̀pà. Ìyá rẹ̀, Earline Suggs, ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tó bí i, torí oṣù rẹ̀ ò pé, ó kéré bí ohun tí èèyàn lè fi sápò. Nígbà tó fi máa pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, bàtà bàbá rẹ̀ ò gbà á mọ́, wọ́n sì ti fà á wọ pápá bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ gbé sá. Iṣẹ́ tí wọ́n fún un ò ṣòroó yé: ẹnikẹ́ni tó bá gbé bọ́ọ̀lù sábẹ́ apá, tó ń sá bọ̀, dá a wó.

Ní ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́, Ẹ̀pà dá ọmọ kan wó gbìì. Ọmọ ọ̀hún, ọmọ Lucille Crenshaw ni, tí òun àti Earline jọ máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì láti kí àwọn èèyàn káàbọ̀. Ọmọ náà ò tètè dìde. Háà! Earline ò ro ti rẹfirí, kò ro ti kóòṣì, ó wọ pápá lọ tòun ti báàgì lápá.

"Ẹ̀pà! Ta ló dá ọmọ yìí wó?"

"Èmi ni, mà."

"Ta ni kó wá gbé e dìde? Ṣé èmi ni?"

Ẹ̀pà na ọwọ́ sí ọmọ náà, ó fà á dìde. Gbogbo pápá ń rẹ́rìn-ín, ojú sì ń tì í gan-an. Ṣùgbọ́n ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Láti ọjọ́ náà, kò dá ẹnikẹ́ni wó kó má na ọwọ́ sí i. Ó ṣe é ní yunifásítì, ó sì ṣe é fún ọdún mọ́kànlá tó fi bọ́ọ̀lù jẹun nínú ẹgbẹ́ mẹ́rin. Tó bá pe ilé ní ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè, Earline kì í béèrè bóyá wọ́n borí. Ohun tó máa ń béèrè ni, "Àwọn ọmọ ọlọ́mọ yẹn ńkọ́? Ṣé wọ́n dìde?"

Lọ́dún kọkànlá, orúnkún ti ń da Ẹ̀pà láàmú, kóòṣì tuntun sì dé. Èmi ò fẹ́ràn ọkùnrin náà, mi ò sì ní purọ́ nítorí ẹ̀.

"Bàbá àgbà," ló wí lójú gbogbo ẹgbẹ́, "bọ́ọ̀lù lo wá gbá ni àbí nọ́ọ̀sì lo wá ṣe? Bó o ṣe ń fa ẹnì kan dìde, àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ti tò, wọ́n ti ń sá kọjá lẹ́yìn ẹ. Tí mo bá tún rí i lẹ́ẹ̀kan péré, má wulẹ̀ padà wá lọ́dún tó ń bọ̀."

Ẹ̀pà pe ìyá rẹ̀. "Màmá, wọ́n fẹ́ lé mi o. Pẹ̀lú orúnkún yìí, ta ló tún máa gbà mí?"

"O ṣì fẹ́ràn iṣẹ́ náà?"

"Mo fẹ́ràn ẹ̀ gan-an, mà."

Ọ̀rọ̀ náà dun Earline wọ egungun. Òun ló kọ́ ọmọ, ẹ̀kọ́ náà ló wá fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó sì gba àdúrà tí kò gbà rí: kí Ọlọ́run bá òun sọ fún Ẹ̀pà kó kó ọwọ́ rẹ̀ mọ́ra.

Ní Sọ́ńdè ìdíje tó kẹ́yìn, pásítọ̀ gé ìwàásù kúrú. Wọ́n din ẹja àrọ̀ nínú gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì, gbogbo wọn sì dojú kọ tẹlifíṣọ̀n. Àmì mẹ́rin ni ẹgbẹ́ Ẹ̀pà fi ń ṣíwájú, ìṣẹ́jú ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ni ọmọ kan nínú ẹgbẹ́ kejì, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti yunifásítì dé, bá gbé bọ́ọ̀lù, ó sá kọjá gbogbo wọn. Ó ku díẹ̀ kó dé ìlà ìparí, níbi tí wọn ì bá ti gba àmì mẹ́fà, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀, ó ṣubú fúnra rẹ̀.

Ní yunifásítì, tó o bá ti ṣubú, ó parí nìyẹn. Lọ́dọ̀ àwọn tó ń fi í jẹun, bí ọ̀tá ò bá tíì fọwọ́ kàn ẹ́, o lè dìde kó o máa sá lọ. Ọmọ náà gbàgbé. Ó jókòó, ó ń fi ọwọ́ lu koríko. Ẹ̀pà náà gbàgbé. Ó ń tiro bọ̀.

"Kọ́wọ́ ẹ sápò, Ẹ̀pà!" Earline pariwo. "Jọ̀ọ́, ọmọ mi, fi í sílẹ̀!"

Gbogbo gbọ̀ngàn yíjú wò ó. Àwọn ẹlẹgbẹ́ ọmọ náà ń kígbe, "Dìde! Sá!" Ó gbọ́, ó ti gbé orúnkún kan sókè, nígbà tí àtẹ́lẹwọ́ Ẹ̀pà bà lé èjìká rẹ̀. Fèrè dún. Ó tán! Wọ́n borí.

Àwọn oníròyìn yí Ẹ̀pà ká. "Ẹ mọ̀ pé kò sẹ́ni tó tíì fọwọ́ kàn án, àbí?" Kóòṣì wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ń mi orí fún un pé kó sọ pé bẹ́ẹ̀ ni.

Ẹ̀pà họ orí. "Rárá o. Mo rò pé ó ti parí ni. Mo kàn fẹ́ gbé e dìde. Ìyá mi ń wò mí."

Lẹ́yìn náà, ó pe ilé. "Màmá, kóòṣì ní kí n padà wá lọ́dún tó ń bọ̀. Ó ní kí n mú ọwọ́ náà dání."

Ẹkún ayọ̀ gba Earline. Ó fi etí aṣọ nu ojú.

"Ọmọ yẹn ńkọ́?"

"Ọmọ wo, mà?"

"Èyí tó ṣubú. Ṣé o gbé e dìde?"

Ẹ̀pà ò gbé e dìde. Bí fèrè ṣe dún ni àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti fò mọ́ ọn, tí wọ́n gbé e lọ.

"Ẹ̀pà!"

"Mò ń lọ, mà. Mò ń lọ bá a báyìí."

Kò pa fóònù. Earline ń gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì, bó ṣe ń tiro lọ sí yàrá ìpààrọ̀ aṣọ ẹgbẹ́ tí wọ́n borí.