Ẹní Tóóró Ìyàwó Tíṣà

Ní Japara, n'Íjẹ̀bú-Igbó, Ìyàwó Tíṣà ni gbogbo àdúgbò ń pe Zipporah. Àwọn ará ilé ọkọ ń pè é ní Ìyàwó. Olúsànyà tó gbé e níyàwó gan-an, "Gbọ́ ná" ló fi ń pè é. Orúkọ tí wọ́n fi ṣèrìbọmi fún un l'Óde-Omi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dohun ìgbàgbé, bí ẹni pé ó fi í sílẹ̀ sétí omi nígbà tó ń bọ̀ wá sílé ọkọ.

Olúsànyà ń kọ́ àwọn ọmọ níléèwé ìjọ. Látìgbà tí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn ti ní kí gbogbo ọmọ wá kàwé lọ́fẹ̀ẹ́, kíláàsì rẹ̀ kún débi pé ibẹ̀ ló ń sọ gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ tán sí, tó bá délé kò sí ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Adépéjú, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, ń gbé níléèwé n'Íbàdàn. Ìyá Olúsànyà ló wà ní yàrá ẹ̀yìn, tí apá kan àti ẹsẹ̀ kan ti rọ mọ́ ọn lára. Zipporah ló ń wẹ̀ ẹ́, òun ló ń fún un lóúnjẹ, òun náà ló ń yí i padà lórí bẹ́ẹ̀dì kí ẹ̀yìn rẹ̀ má baà di egbò. Àìná, ẹ̀gbọ́n Olúsànyà obìnrin tí wọ́n ń pè ní Ìyá Gbóyèga, ń gbé l'Órù tí kò jìnnà. Á dé lọ́jọ́ Ìsinmi, á yẹ ìyá wò, á ṣí ìkòkò wò, á sọ ibi tó kù díẹ̀ káàtó, á sì wọkọ̀ padà sílé rẹ̀.

Zipporah kì í jókòó jẹun. Orí ìdúró ló ń jẹ ohun tó bá ṣẹ́ kù, ó máa ń ti tutù, kò sì ní ata, nítorí ìyá kò gbọdọ̀ jata.

Lọ́jọ́ kan nípàdé àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ń jíròrò oúnjẹ ìkórè. Ẹnì kan bi Zipporah pé èwo ni òun fúnra rẹ̀ fẹ́ràn jù, kí wọ́n lè sè é. Ó la ẹnu, kò rí nǹkan kan sọ. Ó mọ èyí tí ọkọ rẹ̀ fẹ́, ó mọ èyí tí ìyá lè gbé mì. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n bi ẹlòmíràn. Ó sunkún títí ó fi délé, ó sì ń bínú sí ara rẹ̀ pé nítorí oúnjẹ lásán.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni àbúrò ìyá rẹ̀ fi ẹja yíyan ránṣẹ́ láti Òde-Omi. Koríko tí wọ́n fi ń hun ẹní ló fi di ẹja náà, ó ṣì tutù, òórùn odò ṣì wà lára rẹ̀. Zipporah gbé e símú. Nígbà tó wà ní wúńdíá, òun ni wọ́n máa ń wá bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ ẹní tí kò ní tú. Kó tó mọ̀, ìka rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í hun ún. Ó ránṣẹ́ pé kí wọ́n fi koríko sí i ránṣẹ́.

Láti ìgbà náà, tó bá ti fún ìyá ní ẹ̀kọ gbígbóná láàárọ̀, á bu tirẹ̀, á jókòó, á mu ún kó tó tutù. Lẹ́yìn náà á lọ hun ẹní díẹ̀ lẹ́yìn ilé. Bó bá se ìkòkorẹ́, á bu díẹ̀ sọ́tọ̀, á ki ata sí i títí imú rẹ̀ á fi máa ṣomi. Ẹni tó bá rò pé nǹkan kékeré nìyẹn, kò tíì jẹun lórí ìdúró fún ọ̀pọ̀ ọdún rí. Síbẹ̀, bí ìyá bá pè é lẹ́nu iṣẹ́ náà, àyà rẹ̀ á já bí ẹni tó ń jalè.

Ẹní náà ti parí lọ́jọ́ Ìsinmi tí Àìná gba ẹ̀yìn ilé kọjá. Àìná tẹ́ ẹ, ó sì wo fífẹ̀ rẹ̀. Ẹnì kan péré ló lè gbà. Nílé tí tọkọtaya bá wà, ẹní fífẹ̀ ni wọ́n ń tẹ́. Ohun kan ṣoṣo ni Àìná mọ̀ tí wọ́n ń fi ẹní tóóró ṣe: òkú ni wọ́n ń fi dì.

"Lésì lo ń hun èyí dè?" ó bi í.

"Èmi ni mo ni ín, Ìyá Gbóyèga."

"Ìwọ tó o lọ́kọ? Ìyá mi lo ń hun ẹní dè. Wọ́n ti sú ọ."

Zipporah kò fẹ́ kí ìyá náà kú, Ọlọ́run mọ̀. Ṣùgbọ́n ó ti sú u lóòótọ́.

Àìná ká ẹní náà lọ sí pálọ̀, ó sì rojọ́ rẹ̀ sókè ketekete, yàrá ẹ̀yìn ń gbọ́. Olúsànyà nu ojú rẹ̀.

"Gbọ́ ná," ó ní, "dáná sun ún, kí ilé rójú. Mà á ra òmíràn fún ọ lọ́jà."

"Mi ò ní dáná sun ún, Bàbá Péjú." "Ohun tí mo ní nílé yìí nìyẹn."

Kí Olúsànyà tó lanu, ìyá ti pè wọ́n láti yàrá. Ó ní kí wọ́n gbé e wá kí òun rí i. Wọ́n gbé e dé ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ẹnu ìyá náà ti wọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ yé wọn.

"Ìyàwó, bó bá jẹ́ tìẹ lóòótọ́, dùbúlẹ̀ lé e kí n wò."

Zipporah tú gèlè, ó sì dùbúlẹ̀. Orí rẹ̀ kan etí ẹní kan, gìgísẹ̀ rẹ̀ kan èkejì. Obìnrin gíga ni ìyá Olúsànyà. Bí wọ́n bá tẹ́ ẹ síbẹ̀, ojúgun rẹ̀ á wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó wò ó títí.

"Tirẹ̀ ni," ó wí fún Àìná. "Kò gbà mí."

Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ìyá kérora. "Ẹ yí mi padà. Ẹ̀yìn ń ro mí."

Zipporah fọwọ́ tẹlẹ̀ láti dìde, bó ti máa ń ṣe. Ó wo ọwọ́ náà. Lẹ́yìn náà ó gbé e padà sórí àyà rẹ̀, ó sì di ojú.

Àìná wo Olúsànyà, Olúsànyà wo ìyá rẹ̀. Olúsànyà rìn lọ sídìí bẹ́ẹ̀dì, ó na ọwọ́, ó tún fà á padà.

"Zipporah," ó ní, "báwo ni wọ́n ṣe ń yí wọn padà?"

"Ẹ ti èjìká bẹ̀rẹ̀," ó dáhùn. Kò la ojú.