Ahọ́n Ìyàwó Ilé Wa

"Yọ ọ́ síta dáadáa. Ṣé èmi ni màá bá ọ yọ ọ́ ni?"

Ìyá bàbá mi ló ń sọ̀rọ̀ yẹn. Ọwọ́ tó kún fún gàrí ló fi di àgbọ̀n ìyàwó ilé wa mú, ó ní kó yọ ahọ́n, èéfín bò wọ́n, agbada tí wọ́n fi ń yan gàrí ń ta ṣàṣà lórí iná. Ayé òyìnbó ni. Oko ẹ̀gẹ́ wa ló wà níbi tí àwọn ilé-iṣẹ́ gbà ní Ṣàngó lónìí.

Àbúrò bàbá mi ló fẹ́ ìyàwó yìí. Ọkọ rẹ̀ ni èmi náà, torí ó bá mi nílé: ọkọ kékeré tí eyín iwájú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ká. Èmi ni mo kọ́kọ́ rí i nígbà tó ń tọ́ ọbẹ̀ wò pé etí ahọ́n rẹ̀ rí págunpàgun bí ẹnu ayùn.

Ìyá àgbà ní, "Ẹ̀jẹ̀ ló kéré lára ẹ. Ahọ́n ti wú, eyín wá ń tẹ̀ ẹ́."

Ló bá di ẹ̀dọ̀ màlúù àti ẹ̀fọ́ lójoojúmọ́. Ìyàwó kì í lè jẹ ẹ́ tán. Àwa ọkọ kéékèèké là ń jẹ àjẹkù, a sì ń gbàdúrà kí ahọ́n náà má tètè sàn. Àdúrà gbà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, oorun gbé ìyàwó lọ lórí ẹní, ló bá ń payín keke bí ẹni ń rún eegun. Ìyá àgbà jí i.

"Ìyàwó mi, ẹ̀jẹ̀ kọ́. Ọ̀rọ̀ lo ń rún mọ́ ẹnu. Kí ni?"

"Wọ́n ní ìyá mi ò lè dìde mọ́, mà."

"O ò wá sọ pé o fẹ́ lọ sílé?"

"Kí wọ́n lè ní mo kọ ọkọ?"

Òótọ́ ni. Lọ́dọ̀ wa nígbà náà, ilé kan ṣoṣo ni ìyàwó ní. Tó bá ti ní òun ń lọ sílé, ẹrù rẹ̀ ló ń dì yẹn. Ìyá àgbà ò jiyàn. Ó bu gàrí gbígbóná kún igbá.

"Gbé e. N ò ní kí o lọ sílé o. Iṣẹ́ ni mo rán ọ sí àna mi lápá Àgbárá. Má padà títí yóò fi fọwọ́ ara rẹ̀ jẹ ẹ̀bà. Ẹni tó bá bi ọ́, èmi ni mo rán ọ."

Ó bá ìyá rẹ̀ láàyè. Ó pẹ́ kó tó dé, ṣùgbọ́n ó dé, ẹnu rẹ̀ ò sì dákẹ́ mọ́. Ìyá àgbà ní, "Ẹnu yìí ti wá pọ̀ jù o! Ẹ bá mi wá nǹkan tí eyín yìí á máa dì mú."

Dókítà sọ fún mi láìpẹ́ yìí pé ahọ́n wíwú, ẹ̀jẹ̀ tó kéré, eyín tí a ń pa lójú oorun, gbogbo wọn ló lè fa irú àpá bẹ́ẹ̀. Mo gbà. Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá dákẹ́ jù nílé mi, n kì í yẹ ahọ́n rẹ̀ wò. Mo máa ń ro ibi tó fẹ́ lọ tí kò lè sọ, màá wá iṣẹ́ kan tí mo lè rán an síbẹ̀.