Ewé Gúáfà Nínú Bọ́kẹ́ẹ̀tì Omi

Ọjọ́ Àìkú ni, agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ti kọjá díẹ̀, òjò tó ń rọ̀ láti òwúrọ̀ sì ti dá, ṣùgbọ́n ojú ọ̀run ṣì wú bí ojú ẹni tí ọ̀rọ̀ kù nínú rẹ̀. Ìyá mi àti èmi sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà ní ẹnu ọ̀nà ilé ìwé kan lẹ́yìn ìlú Ifọ̀, níbi tí títì ọlọ́dà ti parí tí ẹrẹ̀ pupa ti bẹ̀rẹ̀. Àbúrò mi ló jáde wá pàdé wa. Ó ti lo ọdún méjì níbẹ̀ ṣáájú mi. Ó wọ aṣọ funfun, bàájì idẹ kékeré kan sì ń dán ní àyà rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ kí ìyá wa. Lẹ́yìn náà ó yíjú sí mi, orúnkún rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ó ti máa ń tẹ̀ nílé, ṣùgbọ́n ó rí àwọn ọmọbìnrin tó dúró létí géètì, ó sì há sáàárín méjì, bí ẹni tó bẹ̀rẹ̀ láti ṣa abẹ́rẹ́ nílẹ̀ tó wá gbàgbé ibi tí abẹ́rẹ́ bọ́ sí. Kò pè mí ní Àǹtí. Kò pè mí ní ohunkóhun. Ó gbá etí àpótí mi kan mú, èmi mú èkejì, a sì gbé e wọlé.

Kí ìyá mi tó tún gun ọ̀kadà, wọ́n fà mí sẹ́yìn díẹ̀. "Wò ó," wọ́n ní, "ojú kì í ti ẹni tó ń wá ìmọ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ níbí, mi ò ní gbà. Màá wá lọ́jọ́ ìbẹ̀wò. Bí ohun tí mo rí ò bá tẹ́ mi lọ́rùn, ọ̀dọ̀ télọ̀ ní Akute là ń lọ tààrà. Mo ti bá obìnrin náà sọ̀rọ̀."

Mo mọ̀ pé ìyá mi kì í halẹ̀ lásán. Mo sì mọ ohun tí mo fẹ́. Ìwé ni mo fẹ́ kà.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé bí àbúrò ṣe di aṣáájú ẹ̀gbọ́n. Ọ̀dọ̀ ìyá àgbà wa, ní abúlé kan tí kò jìnnà sí Owódé Ẹ̀gbá, ni mo dàgbà sí. Nígbà tí ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dun ìyá àgbà, èmi ni mo di ẹsẹ̀ wọn. Sáà ìwé mìíràn á bá mi ní kíláàsì, òmíràn á bá mi nínú oko gbágùúdá. Lẹ́yìn tí wọ́n papò dà, àwọn òbí mi mú mi wá sí Akute, níbi tí àbúrò mi ti ń kàwé lọ geere láìsí ìdíwọ́. Báyìí ni mo ṣe dé kíláàsì kìn-ín-ní ilé ìwé girama nígbà tí mo ga ju olùkọ́ ìṣirò wa lọ, tí àbúrò mi sì wà ní kíláàsì kẹta. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Òótọ́ ni. Èmi ni mo ní àkísà. Aṣọ wà lọ́wọ́ àbúrò mi.

Ìyá àgbà ti kọ́ mi pé ojú la kọ́kọ́ fi ń ro oko kí a tó gbé ọkọ́. Wọn kì í fọwọ́ kan ilẹ̀ tuntun láìjẹ́ pé wọ́n ti rìn yí i ká. Nítorí náà mo pinnu pé ojú ni n ó kọ́kọ́ fi ro ilé ìwé náà. Mo wo irin àgbá mọ́tò tí wọ́n so mọ́ igi káṣú tí wọ́n ń lù bí agogo, ó sì yà mí lẹ́nu pé irin kan ṣoṣo lè jí odindi òkè tí ilé ìwé náà wà. Mo wo bí wọ́n ṣe ń tẹ́ aṣọ ibùsùn tí igun rẹ̀ á mú bí ojú ọ̀bẹ. Mo wo bí júníọ̀ ṣe ń rìn gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà bí síníọ̀ bá ń bọ̀ láàárín. Ohun gbogbo ní òfin, kò sì sí ẹni tó kọ òfin náà sára ògiri. Mo máa ń béèrè, nítorí abèèrè kì í ṣìnà, ṣùgbọ́n ìdáhùn tí mo máa ń gbọ́ kò ju "Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn" lọ.

Ibi tí mo ti ń wò bẹ́ẹ̀ ni olórí họ́sítẹ́ẹ̀lì wa, ọmọbìnrin kan tó wà ní kíláàsì àṣekágbá, ti ilé dé ní ọjọ́ kejì. Ó bá mi lẹ́nu ilẹ̀kùn yàrá: mo ró ìró, mo kó ọwọ́ sẹ́yìn, mo ń wo bí wọ́n ṣe to bẹ́ẹ̀dì lérí ara wọn. Ó kúnlẹ̀ gbì.

"Ẹ káàsán, mà. Ẹ má bínú, mà, mọ́tò ló dá mi dúró."

Mo dá a lóhùn bí wọ́n ṣe kọ́ mi láti máa dá ẹni tó bá kúnlẹ̀ lóhùn. "Káàsán o. Ṣé dáadáa lo dé? Dìde, dìde."

Ẹ̀rín tó bú nínú yàrá náà kò ṣe é pa mọ́ra. "Síníọ̀! Júníọ̀ ni! Júníọ̀ lẹ kúnlẹ̀ fún!" Ó dìde, ó gbọn orúnkún, ó wò mí láti òkè délẹ̀. "Ìyá Kíláàsì," ó ní, "o káre." Láti ọjọ́ náà, orúkọ mi nìyẹn, olórí họ́sítẹ́ẹ̀lì kò sì gbàgbé bí ilẹ̀ yàrá yẹn ṣe le tó.

Nídìí omi ni ọ̀rọ̀ náà ti wá le. Kànga kan ṣoṣo ni họ́sítẹ́ẹ̀lì wa ní, àbúrò mi sì ni Ọ̀gá Omi. Ìtumọ̀ bàájì àyà rẹ̀ nìyẹn: òun ló ń to àwọn júníọ̀ sí ìlà láàárọ̀, òun ló sì ń sọ síníọ̀ tí júníọ̀ kọ̀ọ̀kan á máa pọnmi fún. Ó fẹ́ràn bàájì náà púpọ̀. Ọṣẹ ìfọyín ló fi ń fọ̀ ọ́. Ní òwúrọ̀ tó fẹ́ pín wa, kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé ọmọ ìyá kan náà ni wá, nítorí imú wa kò ṣe é sẹ́. Gbogbo wọn ń retí ẹni tí á fi mí fún.

Olórí họ́sítẹ́ẹ̀lì ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ọ̀gá Omi, ta ló ń pọn tìẹ? Fún ara ẹ ní Ìyá Kíláàsì. Àbí ẹ̀rù ẹ̀ ń bà ẹ́ ni?"

Àbúrò mi wo inú kànga fún ìgbà pípẹ́. "Ó dáa," ó ní, láìwò mí. "Kó máa pọn tèmi."

Mo ń pọn ọ́n. Bọ́kẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ ni mo ń gbé rù, nítorí náà ó máa ń kún. Tèmi ni mo ń fi ọwọ́ gbé, bí mo bá sì fi máa gun òkè náà tán, ìdajì rẹ̀ ti dà sí mi lẹ́sẹ̀. N ó gbé méjèèjì sílẹ̀ lẹ́nu balùwẹ̀, n ó lọ gbá ibi tí wọ́n pín fún mi lábẹ́ igi káṣú, kí n tó padà wá wẹ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi máa ń sunkún ní irú àkókò yẹn, nítorí omi tí ènìyàn bá fi sílẹ̀ kì í sábà dúró dè é. Ṣùgbọ́n tèmi kì í dín. Kàkà bẹ́ẹ̀, ó ń kún sí i. Bọ́kẹ́ẹ̀tì tí mo gbé sílẹ̀ ní ìdajì, n ó bá a tí omi kan ẹnu rẹ̀.

Mo kọ́kọ́ rò pé mo ti gbàgbé bí mo ṣe gbé e sílẹ̀. Mo wá fi ewé gúáfà kan sórí omi mi. Nígbà tí mo dé, ewé náà wà níbẹ̀, omi sì ti gbé e sókè. Mo wádìí bóyá òjò ló rọ̀ sí i. Kò sí òjò. Ní ọjọ́ kan, mo yí ọgbọ́n padà: mo já ewé gúáfà sí méjì, mo fi ìdajì rẹ̀ sínú omi àbúrò mi, n kò fi nǹkan kan sínú tèmi. Mo gbálẹ̀ mi tán, mo padà. Ewé náà wà nínú omi tèmi, ó ń yí po wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Mo dúró tì í títí tí wọ́n fi ké pè mí pé mo ń dí ọ̀nà.

Ìbéèrè kan ló ń bí òmíràn. Bí ó bá da omi rẹ̀ fún mi, kí ni òun fi ń wẹ̀? Mo ṣọ́ ọ. Omi òjò tó gbára jọ sínú kòkò lábẹ́ òrùlé ẹ̀yìn ilé ìdáná ló fi ń wẹ̀ lọ́sàn-án. Ọjọ́ tí kò bá sí òjò, ojú àti ẹsẹ̀ nìkan ló ń fọ̀. Ó ń hùkọ́. N kò sọ nǹkan kan, nítorí mo ti ro oko náà dé ìdí báyìí: bí ẹnikẹ́ni bá rí Ọ̀gá Omi tó ń bu omi fún júníọ̀, bàájì á kúrò láyà rẹ̀.

Ní ọjọ́ Ẹtì tó ṣáájú ọjọ́ ìbẹ̀wò, ó wá bá mi lẹ́yìn okùn aṣọ, láàárín àwọn ṣíìtì tí a sá.

"Àǹtí mi," ó ní. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láti ọjọ́ tí mo dé. "Bí Màmá bá gbọ́ pé ẹ̀ ń pọnmi fún mi, wọ́n á mú yín lọ lọ́jọ́ náà."

"Bí àwọn wọ̀nyí bá sì rí i pé o kúnlẹ̀ fún mi, wọ́n á gba bàájì ẹ."

"Mo mọ̀."

"Mo rí ewé náà," mo ní.

"Ewé wo?"

"Fi sílẹ̀. Máa fi omi ẹ wẹ̀. Ikọ́ yẹn ò dáa."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sì ṣètò fún wa bí ọ̀gá tó jẹ́. Èmi ni n ó ṣáájú dé ọ̀dọ̀ ìyá wa, n ó jókòó tì wọ́n. Bí òun náà bá dé, á kúnlẹ̀ fún wọn níbi tí mo wà gan-an, kí ìkúnlẹ̀ kan ṣoṣo lè ká wa méjèèjì. Ẹni tó bá fẹ́ kó rò pé èmi ni, ẹni tó bá fẹ́ kó rò pé èmi kọ́. Mo rò pé ọgbọ́n náà pé.

Ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pé. Ìyá wa tẹ́ ẹní sábẹ́ igi káṣú, wọ́n ṣí kúlà, òórùn ìrẹsì ọ̀fadà àti ọbẹ̀ ata gba gbogbo ibẹ̀. Àbúrò mi kúnlẹ̀ bó ṣe wí. A ti fẹ́ máa jẹun nígbà tí òjìji kan bo àwo wa.

"Ìyá Kíláàsì!" Olórí họ́sítẹ́ẹ̀lì ni, tòun ti ẹ̀rín lẹ́nu. "Síníọ̀ ẹ fẹ́ jẹun, o jókòó gẹlẹtẹ. Omi ìfọwọ́ dà? Àbí àárọ̀ nìkan lo ń pọnmi fún un?"

Ìyá mi gbé ojú sókè. "Síníọ̀ wo?"

Ọmọbìnrin náà fi ẹnu júwe àbúrò mi. Ìyá mi kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, bí ẹni tí wọ́n pa àlọ́ fún. Lẹ́yìn náà ẹ̀rín náà gbẹ. Wọ́n wo ọwọ́ mi, wọ́n wo bàájì yẹn.

"Èmi ni mo bí yín," wọ́n ní. "Mo mọ èyí tó kọ́kọ́ jáde. Dìde. Lọ kó ẹrù ẹ wá."

Àbúrò mi ló dìde. Ó bu omi sínú abọ́, ó gbé e wá síwájú mi, ó sì kúnlẹ̀ lórí ẹrẹ̀ pẹ̀lú orúnkún méjèèjì, nínú aṣọ funfun rẹ̀, lójú gbogbo àwọn tó tẹ́ ẹní sábẹ́ igi náà.

"Àǹtí mi, ẹ fọwọ́."

Mo gbọ́ tí ẹnìkan sọ pé "Hẹ̀n-ẹ́n!" lẹ́yìn wa. Mo fọwọ́. Mo gba abọ́ náà, mo da omi rẹ̀ nù, mo lọ bu tuntun, mo sì gbé e fún un.

"Síníọ̀," mo ní, "ẹ fọwọ́."

Ìyá mi ń wò wá. "Ṣé ohun tó o fẹ́ nìyí?"

"Màmá, ìwé ni mo wá kà. Omi yẹn ò wúwo tó gbágùúdá tí mo ń rù nígbà ayé Ìyá Àgbà."

Wọ́n fa kúlà mọ́ra. Lẹ́yìn náà wọ́n mú ṣíbí. "Ẹ jókòó," wọ́n ní. "Mi ò sí ní kíláàsì kankan ní tèmi. Nídìí ìkòkò mi, àgbà ló ń kọ́kọ́ mú ẹran." Wọ́n fi èyí tó tóbi jù fún mi. Wọ́n wá yíjú sí olórí họ́sítẹ́ẹ̀lì. "Ìwọ náà jókòó. Ṣé o ti jẹun?" Ó jókòó. Ó jẹun. Nígbà tí ìyá mi lọ ní ìrọ̀lẹ́, àpótí mi kò bá wọn lọ.

Ní báyìí, mo ń lọ sí kíláàsì àṣálẹ́ ní Mowe, nítorí ìgbéyàwó àti ọmọ títọ́ ti dá ìwé mi dúró lẹ́ẹ̀kan sí i. Olùkọ́ wa lè jẹ́ ọmọ àwọn kan nínú wa. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, bàbá kan tó jókòó níwájú mi pè é ní "Tíṣà, ọmọ mi," kò sì mọ̀ bóyá kí òun dìde tàbí kí òun jókòó. Mo rí i tí orúnkún rẹ̀ há sáàárín méjì, mo sì mọ ibi tí mo ti rí irú rẹ̀ rí. Àbúrò mi ń gbé ní Ibafo. Bó bá pè mí lórí fóònù, "Àǹtí mi, ṣé ẹ ti ṣe iṣẹ́ tí wọ́n fún yín?" ni gbólóhùn àkọ́kọ́. Mo bi í rí bóyá bàájì yẹn dùn ún. Ó ní òun kò tilẹ̀ rántí bó ṣe rí mọ́. Mo jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Èmi rántí òórùn ọṣẹ ìfọyín náà.

Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé ọjọ́ ìbẹ̀wò yẹn, obìnrin tó ń bójú tó họ́sítẹ́ẹ̀lì pe àbúrò mi. Ó ní ohun tó ṣe kò burú, ṣùgbọ́n ẹni tó kúnlẹ̀ fún júníọ̀ kò lè máa to júníọ̀ sí ìlà. Wọ́n fi bàájì náà fún ẹlòmíràn, ẹni náà sì ní kí n máa pọnmi fún olórí họ́sítẹ́ẹ̀lì. Láti ìgbà náà, omi bọ́kẹ́ẹ̀tì mi kò kún sí i mọ́. Bí mo bá ṣe gbé e sílẹ̀ ni mo ń bá a, nígbà mìíràn ó máa ń dín.