Ilé Òjòlá Adizatou

Láti kékeré ni Adizatou ti máa ń béèrè ohun tí ẹlòmíràn kì í béèrè. Bí wọ́n bá ń la ẹja, á fẹ́ mọ ohun tí ẹja náà jẹ kẹ́yìn. Ó dàgbà, ó di aránṣọ ní Ouando, ní ìlú Àjàṣẹ́, ó bí Mariamou, ó sì fi í fọ́kọ, síbẹ̀ ìwà náà kò fi í sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí kò fi pariwo ní ọjọ́ tó bá òjòlá kékeré kan tó ká jọ sínú agbọ̀n àjákù aṣọ rẹ̀. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni, ọyẹ́ ń fẹ́, kò tíì pẹ́ púpọ̀ tí ilẹ̀ Dahomey gba òmìnira. Ó fa àpótí ìjókòó rẹ̀ sún mọ́ agbọ̀n náà, ó ń wò ó.

Chitou ọkọ rẹ̀ ló pariwo. Ó ti mú igi lọ́wọ́ nígbà tí Hilaire, káfíńtà ọmọ Gun tó ń gbé lódìkejì ògiri wọn, sáré wọlé.

"Bàbá Mariamou, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa á! Dàngbé nìyẹn, òjòlá tí àwa Gun ń bọ. Àwa kì í pa á. Kò lóró, kì í bá èèyàn jà. Ẹ jẹ́ kí n gbé e padà sígbó."

"Tètè gbé e!"

"Ẹ dúró ná," ni Adizatou wí. "Kí ló ń jẹ? Ibo ló máa ń sùn? Ṣé kò lè bá wa gbé ná?"

Chitou yíjú sí i. "Ìyá Mariamou, ejò lo fẹ́ sìn? Ṣé ewúrẹ́ ti tán láyé ni?"

Ọ̀rọ̀ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ dìjà. Níkẹyìn Chitou ní òun gbà, bí ejò náà bá ṣáà ti nílé tí kò ti lè jáde, tí ilé ọ̀hún kò sì sí nínú yàrá òun. Ó rò pé wàhálà ìyẹn á sú ìyàwó òun.

Kò sú u. Adizatou lọ sọ́jà, ó ra àlòkù àpótí tí ara rẹ̀ jẹ́ àwọ̀n onírin, irú èyí tí àwọn òyìnbó ń tọ́jú ẹran sí kí eṣinṣin má bà á jẹ́. Ó da yanrìn sí i, ó gbé abọ́ omi sínú rẹ̀, ó fi ìkọ́ há ilẹ̀kùn. Lójú tirẹ̀, ó parí.

Ejò kò gbà bẹ́ẹ̀. Ó ń fi imú gbo àwọ̀n onírin náà ṣáá, títí imú rẹ̀ fi bó. Ó da omi nù, yanrìn di ẹrẹ̀. Eku tí wọ́n gbé síwájú rẹ̀, kò bojú wò ó.

"Ó fẹ́ lọ sílé rẹ̀ ni," ni Chitou wí láti ẹnu ọ̀nà. Kò jẹ́ sún mọ́ ọn.

"Àbí kò ríbi sá pa mọ́ sí? Ẹ wò ó, gbogbo ọ̀nà la ti ń rí i. Ẹ̀yin náà, ṣé ẹ lè sùn láàárín ọjà?"

Ó pe Hilaire, ó bi í léèrè ibi tó ti máa ń bá irú ejò yìí nínú oko.

"Inú ihò eku ni," ni Hilaire wí. "Òkùnkùn, ibi tó há mọ́ ọn lára."

Hilaire kan pákó bo àwọ̀n náà níhà mẹ́ta, ó lu ihò wẹ́wẹ́ sókè fún afẹ́fẹ́. Adizatou kó yanrìn kúrò, ó tẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbígbẹ, ó gbé àwo amọ̀ tó wúwo sí i fún omi. Ó wá da ojú ìkòkò kan tó ti là létí bolẹ̀, kí ó di ihò. Ó ku ọ̀rọ̀ òtútù. Ó ti ṣàkíyèsí pé ejò náà máa ń lọ sùn síbi tí oòrùn àárọ̀ bá ta sí, bí ara rẹ̀ bá sì ti yá, á kúrò níbẹ̀. Nítorí náà ó gbé àpótí náà ti ògiri ilé ìdáná, kí apá kan máa gba ooru ààrò, kí apá kejì tutù, kí ejò fúnra rẹ̀ yan èyí tó bá fẹ́.

Ejò wọnú ìkòkò. Imú rẹ̀ jinná. Ṣùgbọ́n kò jẹun. Ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀, kò jẹun, àyà Adizatou sì bẹ̀rẹ̀ sí í já.

"Mo fẹ́ mọ̀ ọ́n ni, mi ò fẹ́ pa á," ló wí fún Hilaire. "Wá gbé e lọ."

Ó ṣí ìkòkò náà kí Hilaire lè gbé e. Òjòlá ti ká yí àwọn ẹyin funfun kan po, wọ́n lẹ̀ mọ́ra wọn, ó gbórí lé wọn. Adizatou rọra dá ìkòkò padà, ó fọwọ́ bo ẹnu.

Láti ọjọ́ náà, Chitou ni kì í jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́ tán kó tó béèrè pé, "Ṣé ó ṣì ń sàba?" Òun tí kì í kọjá ẹnu ọ̀nà wá di ẹni tó ń lóṣòó tì í. Òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀ nígbà tí èèpo ẹyin kan la, tí imú kékeré kan yọ jáde, tó dúró, tó ń wo ayé.

"Ó ń kí wa!" ni Chitou wí, ó bú sẹ́rìn-ín bí ọmọdé.

Nígbà tí gbogbo wọn jáde tán, Hilaire kó àwọn ọmọ náà sínú agbọ̀n, ó fẹ́ lọ tú wọn sílẹ̀ nínú igbó ọ̀nà Akpro-Missérété.

"Ìyá wọn ńkọ́?" ló béèrè.

Adizatou kò tíì fèsì tí Chitou fi dáhùn. "Fi sílẹ̀ ná. A ò tíì rí bó ṣe ń jẹun."

Wọ́n rí i lọ́sẹ̀ náà. Ó gbé eku kan mì láti orí dé ìrù, àgbọ̀n rẹ̀ fẹ̀ ju bí ẹnikẹ́ni ṣe rò lọ. Chitou ń bẹ Ọlọ́run. Adizatou ti tẹ̀ ba síwájú àpótí, ó ń wo ọ̀fun ejò náà.

"Ibo ló gbà ń mí," ló wí, "tí ẹnu rẹ̀ kún tó báyìí?"