Bí Mo Ṣe Lọ Kọ́ Kábà ní Dúálà

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tí mo fi gbé báàgì mi sẹ́yìn ọkọ̀ tó ń lọ sí Kàlàbá. Ọkọ mi dúró, ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní, "Muyíbà, àgbàlagbà akẹ́kọ̀ọ́! Ṣé wọ́n á fún ẹ ní yúnifọ́ọ̀mù?" Mo ní tí wọ́n bá fún mi, máa gé e kúrú kó lè bí i nínú. Òótọ́ ló kúkú sọ. Ìwé mẹ́rin péré ni mo kà kí ìyá mi tó ní kí n wá jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ, àtìgbà náà ni mo sì ti ń rán aṣọ obìnrin, tí mo sì ń tà á ní Òṣogbo.

Ohun tó gbé mi rìn ò ju aṣọ kan lọ. Nígbà Iléyá tó kọjá, Àǹtí Ràṣídà, ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi tó ń ṣòwò ní Dúálà, ní orílẹ̀-èdè Kamẹrúùnù, wálé. Búbù kan ló wọ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, ó fẹ̀ bí nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn, wọ́n fi léèsì sí i láyà, apá rẹ̀ wú bí búrẹ́dì. Àwọn oníbàárà mi fi ọjà tí mo so kọ́ sílẹ̀, ti ọrùn Àǹtí ni wọ́n ń ná. Ojú tì mí. Mo ní kí Àǹtí bá mi bẹ ẹni tó rán an, kó gbà mí kí n wá kọ́ṣẹ́. Obìnrin náà gbà, àmọ́ ó ní òfin kan ló wà: ẹni tó bá ba aṣọ oníbàárà jẹ́, ọjọ́ náà ni yóò padà sílé. Mo sì ti fọ́nnu fún gbogbo Òṣogbo. Kí n padà lọ́wọ́ òfo? Kí ẹja kúkú gbé mi mì lójú ọ̀nà.

Ẹja náà gbìyànjú. Láti Kàlàbá, ọkọ̀ ojú omi la wọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń gbọ́ òkun lẹ́nu, ẹ jókòó sílé yín. Ọkùnrin kan tó ti ń pariwo látìgbà tá a ti kúrò ní gáréèjì pé òun ti rìn ín bíi ẹni ń lọ sóko, fìlà ara rẹ̀ ló bì sí. Tíkò, èbúté kan ní Kamẹrúùnù, la ti sọ̀ kalẹ̀. Àǹtí ti wá pàdé mi níbẹ̀. Dírẹ́bà tó fẹ́ gbé wa wò mí, ó ní, "Bọ̀nárífé!" Mo ti ki ọwọ́ bọ pọ́ọ̀sì, mo rò pé owó ló ń béèrè. Àǹtí rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Fi owó ẹ pamọ́, 'ẹ káàbọ̀' ló ń kí ẹ." Oko ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti oko rọ́bà ló wà lọ́tùn-ún lósì títí a fi gun afárá odò Wúrì, tá a wọ Dúálà pẹ̀lú àwọn tírélà tí ń lérí mọ́ra wọn.

Bí wọ́n ṣe ń wọ takisí níbẹ̀ dùn mọ́ mi. O ò ní dá ọkọ̀ dúró kó o tó dúnàá dúrà. Ẹ̀bá títì ni wàá ti pariwo ibi tó ò ń lọ àti iye tó o máa san, bí ọ̀ọ́dúnrún owó sẹ́fà. Tí dírẹ́bà bá gbà, á fun fèrè. Tí kò bá gbà, á wakọ̀ rẹ̀ lọ bí ẹni tí o bú ìyá rẹ̀. Èmi tí mò ń jẹun lórí ìdúnàá dúrà, mo pariwo igba, ẹni márùn-ún ló kọjá láìwo ojú mi.

Ilé Àǹtí wà ní Kotto, àdúgbò jẹ́jẹ́ tí ilé pọ̀ sí. Ọmọ rẹ̀ Sáfíyà, tó wà ní yunifásítì, ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí. Bó ṣe rí mi, ó kúnlẹ̀ dáadáa, ó wá ní, "Ìwọ ti jẹun?"

Àǹtí pariwo: "Ẹ! Ẹ ni kó o sọ fún àgbà!"

Sáfíyà ronú díẹ̀. Ó ní, "Ẹ ìwọ ti jẹun?"

Mo ní, ọmọ mi, ẹ èmi ò tíì jẹun o. Ọbẹ̀ tí wọ́n gbé fún mi, ńdolé ni wọ́n ń pè é. Ewúro ni, àmọ́ wọ́n ti fọ kíkorò rẹ̀ dànù, wọ́n fi ẹ̀pà àti edé sè é. Míọ́ndò ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́: ẹ̀gẹ́ tí wọ́n lọ̀, tí wọ́n wé sínú ewé, ó gùn tín-ín-rín bí ẹ̀kọ tó ń gbààwẹ̀. Mo kọ́kọ́ fojú di í. Nígbà tí mo jẹ mẹ́fà tán, mo tọrọ gáfárà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ilẹ̀ mọ́, ó di iṣẹ́. Lẹ́yìn Marché Central, ìyẹn ọjà àárín ìlú, ni ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá mi wà. Màmí Élísì lorúkọ rẹ̀, obìnrin sísanra tí kì í pariwo. Pijin la fi ń bá ara wa sọ̀rọ̀, "Nàìjá" ló sì ń pè mí. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, aṣọ ni mò ń lọ̀, bọ́tìnì ni mò ń so. Ó ṣẹlẹ̀ pé èèyàn wọn kan kú lábúlé, ó ní láti lọ sìnkú. Ó pè mí.

"Nàìjá, Màmí Róòsì tó ń yan ẹja níkòríta fẹ́ kábà. Wọ́n fẹ́ ṣe bàtísí ọmọ ọmọ rẹ̀ lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Aṣọ rẹ̀ nìyí, ìwọ̀n rẹ̀ nìyí. Ṣé o mọ kábà?"

Mo ní, "Kábà kẹ̀? Màmí, kábà ni mo fi tọ́ ọmọ!"

Irọ́ kọ́. Kí ni kábà lọ́dọ̀ wa bí kò ṣe aṣọ obìnrin tó di ìbàdí mú? Búbù fífẹ̀ ni mo wá kọ́, àmọ́ mo ní ó dáa bẹ́ẹ̀, ọ̀gá fẹ́ fi èyí tí mo mọ̀ dán mi wò ná. Mo wo ìwé ìwọ̀n náà, àyà àti gígùn nìkan ló wà níbẹ̀. Mo ní ọ̀fọ̀ ti dà á lórí rú, ó gbàgbé ìbàdí. Nígbà tí Màmí Róòsì ń kọjá lọ, mo sáré ju téèpù yí i ká. Ẹ̀rín pa á.

Ó ní, "Ìbàdí mi? Ọkọ mi gan-an ò wá a mọ́. Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

Mo ní, "Kábà ni."

Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, kábà ni." A jọ mi orí bí àgbà ìjọ méjì.

Mo gé e, mo rán an, ó jókòó bí ẹyin nínú èèpo. Àǹkárá ńlá ló gbé wá, nǹkan bí ìdajì ló ṣẹ́ kù. Mo ń fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀ nínú ara mi pé àwọn èèyàn yìí ò mọ aṣọ rà. Ẹ̀yin náà mọ télọ̀ ilé wa: aṣọ tó bá ṣẹ́ kù, ọmọ télọ̀ ló ń wọ̀ ọ́ lọ kéú. Àmọ́ ìlú onílùú ni mo wà. Mo ká a dáadáa sínú ọ̀rá, mo fi pamọ́ fún ẹni tó ni ín.

Lọ́sàn-án Sátidé, Màmí Élísì dé láti ibi ìsìnkú, Màmí Róòsì sì wá gba aṣọ. Kí n tó ṣí síìpù ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó ti ki orí bọ̀ ọ́. Ó dé àyà, ó dúró. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lókè bí ẹni tí olè dá lọ́nà, orí rẹ̀ wà nínú aṣọ, ohùn rẹ̀ ń ti inú lọ́hùn-ún bọ̀: "Nàìjá, ibo ni ọ̀nà àbájáde?"

Màmí Élísì wo aṣọ, ó wò mí. Ó ní, "Ìyókù dà?"

"Ìyókù kí ni, Màmí?"

"Ìyókù kábà." Ó na ọwọ́ sí èyí tó wà lọ́rùn ara rẹ̀. Búbù fífẹ̀ ni, irú ti Àǹtí, irú èyí tí mo tìtorí rẹ̀ la òkun kọjá. Ìgbà náà ló tó yé mi. Ohun tí à ń pè ní búbù ni àwọn ń pè ní kábà!

Mo ti ń rí ọkọ mi lẹ́nu ọ̀nà, tó ń béèrè yúnifọ́ọ̀mù. Mo kàn fa ọ̀rá yọ, mo kúnlẹ̀, mo gbé e fún un: "Màmí, ìyókù nìyí. Mi ò mú nǹkan kan níbẹ̀."

Ó tú u wò. Ó ní, "Télọ̀ tó dá aṣọ padà! Róòsì, o ti rí irú ẹ̀ rí?"

Màmí Róòsì ní òun ò rí i rí, àmọ́ kí wọ́n jọ̀ọ́ kọ́kọ́ yọ òun jáde.

Màmí Élísì yíjú sí mi. "Aṣọ tí ìyókù rẹ̀ ṣì wà, kò tíì bàjẹ́. Jókòó. Tú u." Lọ́jọ́ náà ni mo kọ́ṣẹ́. Mo tú ìbàdí, mo la ẹ̀gbẹ́ láti abíyá dé ilẹ̀, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gé ìyókù sí igun mẹ́ta gbọọrọ, ó ní kí n fi bọ̀ ọ́. Ó ní, "Aṣọ yìí ò ní ìbàdí. Èjìká ló gbé gbogbo rẹ̀." Ìrọ̀lẹ́ la parí.

Lọ́jọ́ kejì, mo bá wọn dé ilé Màmí Róòsì. Ó jókòó nínú kábà náà bí ọba, ọmọ tuntun sùn sínú ìṣẹ́po rẹ̀, ó ń jẹun, kò sí ohun tó fún un níkùn. Òjò Dúálà, tí kì í kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé, ya lulẹ̀ lójijì. Ọmọdé méjì sá sábẹ́ kábà ìyá àgbà, a ò rí wọn mọ́.

Mo pẹ́ níbẹ̀ ju bí mo ṣe rò lọ. Mo bá Àǹtí ra tòmátì ní Marché Sandaga, mo bá Sáfíyà lọ wo etí òkun Líḿbè tí yanrìn rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò. Kábà tí mo rán sì kún báàgì méjì nígbà tí mo ń padà.

Mo so wọ́n kọ́ ní Òṣogbo. Ìyá Ìbejì, tó ń ta bàtà lódìkejì mi, ló kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ wò. Ó ní, "Ó dáa o, àmọ́ gbà á sínú díẹ̀ níbàdí."

Mo ní, "Kò ní ìbàdí."

"Aṣọ tí ò ní ìbàdí, ta ló máa mọ̀ pé mo ní i?"

Mi ò bá a jà. Mo ní kó jókòó ná. Ó jókòó, ó mí kanlẹ̀, ó na ẹsẹ̀, kò sì bọ́ ọ mọ́ títí ó fi relé. Ṣùgbọ́n ohun tí ìrìn àjò yìí kọ́ mi ju gígé aṣọ lọ. Tí ẹnikẹ́ni bá wọ ṣọ́ọ̀bù mi báyìí, tó ní kábà lòun fẹ́, mi ò ní fọwọ́ kan sísọ́ọ̀sì. Máa kọ́kọ́ bi í pé: "Ti ibo?"